Ògiri Ìyá Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nílùú òyìnbó ni pé iná kì í lọ. Ní Ọ̀fà tí mo ti wá, bí iná bá lọ, gbogbo àdúgbò á mí kanlẹ̀ pa pọ̀. Bó bá sì dé, tọmọdé tàgbà á hó yèè, kódà ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà á dá ìjà náà dúró ná kó lè lọ tan rédíò. Ní Leeds, mo lo oṣù kan, mo lo méjì, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni hó. Iná kàn wà níbẹ̀ ṣáá, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní títì, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì pa. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, kí n máa wo gílóòbù kan ṣoṣo tó wà lókè orí mi, inú mi á sì bàjẹ́ láìnídìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òkùnkùn ṣe dẹ́rù bà mí. Mo mọ̀ pé ó dà bí ẹni pé mò ń ta ko ara mi, ṣùgbọ́n oòrùn wọn ni mò ń sọ. Lákòókò òtútù, ilẹ̀ á ti ṣú pátápátá nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé ṣì ń rìn bọ̀ wálé. Inú òkùnkùn ni mo ti ń lọ síbi iṣẹ́, inú òkùnkùn ni mo sì ti ń padà. Àwọn àgbà ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo rí i. Òun náà wọ kóòtù.

Ara lè gba gbogbo ìyẹn. Èyí tí ara mi kọ̀ jálẹ̀ ni ti ìkíni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, mo ṣe bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé: mo lọ láti ìdí tábìlì kan dé ìdí òmíràn, mò ń kí wọn kú àárọ̀, mò ń béèrè ìyàwó àti ọmọ. Nígbà tí mo dé ìdí tábìlì kẹta, obìnrin tó wà níbẹ̀ wò mí tàánútàánú, ó ní ṣé kò sí o, ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ òkú fún mi ni. Mo lọ jókòó jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mi orí lásán. Èèyàn lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má kí i kú iṣẹ́, torí èdè wọn kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà. Mo máa ń dá ara mi kí nínú ilé ìyàgbẹ́ nígbà mìíràn. Má ṣe rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà lọ gbé ibẹ̀ wò.

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Ọ̀fà kí n tó kúrò. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí nǹkan le tí gbogbo ẹni tó ní ẹsẹ̀ ń wá ọ̀nà lọ. Mo kàwé díẹ̀ kún un lọ́hùn-ún, iléeṣẹ́ kékeré kan sì gbà mí síṣẹ́. Iṣẹ́ wa ni pé kí a ṣètò iná sínú ọ́fíìsì kí wọ́n tó kọ́ ọ tán, kí ojú má baà máa dun àwọn akọ̀wé tó máa jókòó síbẹ̀. Brian, ọkùnrin arúgbó kan tó máa ń la ẹnu sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ni ọ̀gá mi. Pẹ́ńsùlù àti ìwé ìṣirò ló fi ń ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà ti ra ètò kọ̀ǹpútà kan tó lè ya yàrá tí kò tíì sí láyé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà mí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Wàá sọ fún kọ̀ǹpútà bí yàrá ṣe gùn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, ibi tí fèrèsé wà, irú iná tí wọ́n fẹ́ fi sí àjà. Wàá tún sọ àwọ̀ ògiri fún un, torí pé ògiri funfun máa ń da ìmọ́lẹ̀ padà fún ọ, ògiri tó bá ṣókùnkùn máa ń gbé e mì. Nọ́ńbà kékeré kan la fi ń sọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Á ronú, á ronú, ìwọ á lọ jẹun, wàá padà dé, á ṣì máa ronú. Nígbà tó bá wá wù ú, á ya yàrá náà sójú gíláàsì rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, á sì sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó máa bọ́ sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ṣi nọ́ńbà kan kọ, á ya òun náà fún ọ láìtijú. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Èmi àti ẹ̀rọ yẹn ja tiwa dáadáa.

Ọ́fíìsì kan wà tí mo dá ṣe fúnra mi. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, èmi àti Brian gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ lọ síbẹ̀. A gbé e lé tábìlì kan, a gbé e lé òmíràn, ohun tí kọ̀ǹpútà ti sọ náà la bá. Brian na ọwọ́ sí mi, ó ní kò burú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé oríyìn tó ga jù lẹ́nu wọn nìyẹn. Mo fò fẹ̀rẹ̀ dé ilé lọ́jọ́ náà, mo ṣílẹ̀kùn, mo sì rí i pé kò sẹ́ni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Mo se ìrẹsì. Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Alhaji tó ń ta sìmẹ́ńtì ní àdúgbò wa ló ní fóònù, bí Màmá bá sì ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, pálọ̀ Alhaji ló máa ń lọ tààrà, pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ apá. Ìyàwó Alhaji á fún un ní àga tó súnmọ́ fóònù, wọ́n á jọ máa retí mi. Gbogbo ẹni tó bá wà nínú pálọ̀ ló máa ń kí mi kí fóònù tó kan Màmá. Owó fóònù ń lọ, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ sọ pé kí wọ́n má kí òun? Mo sọ fún Màmá lọ́jọ́ Àìkú yẹn nípa ọ́fíìsì tí mo ṣe. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá béèrè pé ṣé mo ti jẹun. Lẹ́yìn náà ló ní, bó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń tan iná fún àwọn òyìnbó, àwọn kò rí iná ní Ọ̀fà láti ìjẹta, bí èyí tí wọ́n ń lò bá ṣẹ́kù, kí n fi ránṣẹ́. Mo gbọ́ bí gbogbo pálọ̀ ṣe rẹ́rìn-ín. Mo di fóònù náà mọ́ etí lẹ́yìn tí ó ti kú.

Kérésìmesì ọdún yẹn, mo ti sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ nílé. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà, wọn kò sì dá a padà lásìkò. Mo pe ilé pé kí wọ́n má retí mi mọ́. Màmá ní kò burú, Ọlọ́run ló mọ ìgbà. Nígbà tí ìwé náà dé, ọdún ti tán, iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn mi, mo sì sọ fún ara mi pé ó di ìgbà mìíràn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Fọlákẹ́, àbúrò mi kan ṣoṣo tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìlọrin, wá síbi fóònù fúnra rẹ̀. Aránṣọ ni ìyá wa. Aṣọ iléèwé ló ń rán, nínú yàrá iwájú ilé wa tó kọjú sí ọ̀nà ilé ìdúró rélùwéè, maṣíìnì yẹn ló sì fi tọ́ wa lẹ́yìn ikú bàbá wa. Fọlákẹ́ ní Màmá ti rán apá aṣọ ọmọ ọlọ́mọ sódì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé abẹ́rẹ́ ti gún un níka, pé àwọn oníbàárà ti ń rọra lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Dókítà ní ojú àgbà lásán ni, kò sí àrùn níbẹ̀. Ó fún un ní awò, ó ní kó máa ṣiṣẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Fọlákẹ́ wá ní òun fẹ́ kí wọ́n ta maṣíìnì náà, kí Màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun n'Ílọrin.

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn rárá.

“Tí mo bá dé Ìlọrin, kí ni kí n máa ṣe? Kí n máa jókòó sójú kan kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá bá mi? Ọmọ mi, mi ò tíì kú.”

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Bí ìyá mi bá kúrò lẹ́yìn maṣíìnì, kò ní pẹ́ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í darúgbó lóòótọ́. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ Fọlákẹ́ pé kó mú sùúrù títí òjò á fi dá, kí n fi iṣẹ́ mi wá nǹkan ṣe sí yàrá náà. Fọlákẹ́ ní ó dáa, àmọ́ bí òjò bá dá tí kò sí àyípadà, kí n má bínú sí òun. Mo gbà. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, torí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, mo ní nǹkan tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe fún wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Màmá ti wọn yàrá náà kó tó wá. Téèpù tó fi ń wọn oníbàárà ló lò, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe kà á sí mi létí: gígùn rẹ̀ báyìí, èjìká rẹ̀ báyìí, ọrùn rẹ̀ báyìí. Mo ní Mà, kí ni ọrùn yàrá? Ó ní ẹnu ọ̀nà ni, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni orí ń gbà wọlé ni? Fèrèsé wá ńkọ́? Àpò ni, ó ní, ẹyọ kan péré ló sì ní, lápá òsì. Mo rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó ń dúró kí n kúrò nínú àpótí fóònù fọwọ́ gbá gíláàsì rẹ̀. Ó tún sọ fún mi pé ẹ̀yìn lòun ń kọ sí fèrèsé bí òun bá ń ránṣọ, kí òun má baà máa wo àwọn tó ń kọjá. Mo ní ẹ wò ó, òjìji yín fúnra yín ló ń bo abẹ́rẹ́. Ó ní lóòótọ́ ni. Èyí tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè mi ni àwọ̀ ògiri.

“Pupa ni,” ó ní.

N kò bi í ní nǹkan mìíràn. Ṣé èmi ni mo tún máa béèrè pupa ògiri yẹn? Amọ̀ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá fara tì í, gbogbo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé mi á pọ́n, Màmá á sì fà mí létí kó tó fọ̀ ọ́. Mo wá nọ́ńbà tó bá pupa amọ̀ mu nínú ìwé wa, mo fi sínú kọ̀ǹpútà, mo sì jẹ́ kó máa ronú.

Ìrọ̀lẹ́ ni yàrá náà yọjú. Fèrèsé wà níbi tó yẹ kó wà. Ẹnu ọ̀nà wà níbi tó yẹ kó wà. Tábìlì tí mo fi ṣe maṣíìnì wà níbẹ̀, mo sì ti yí i padà kí fèrèsé wà lápá òsì Màmá. Gbogbo rẹ̀ dúdú kirikiri bí ìgbà tí òjò ń ṣú. Brian gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó dúró, ó ní ọ́fíìsì ta nìyí. Mo ní yàrá ìyá mi ni. Ó wò ó pẹ́. Ó ní ìyá mi kò sí níbẹ̀. Mo ní ètò wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya èèyàn. Ó mi orí, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí àwọn yòókù bá lọ jẹun ọ̀sán, inú yàrá yẹn ni mo máa ń wọ̀. Mo lè sún mọ́ fèrèsé, mo lè padà síbi ẹnu ọ̀nà, mo lè dúró níbi tí bàbá mi máa ń gbé àga rẹ̀ sí. Kò sí ariwo maṣíìnì. Kò sẹ́ni tó ń kọjá lójú ọ̀nà tó kígbe pé Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn kí n wà níbẹ̀ ju kí n wà láàárín àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì tútù nísàlẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rù ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Èèyàn tó wà ní Leeds tí kò sí ní Leeds, tó wà ní Ọ̀fà tí kò sí ní Ọ̀fà, ibo gan-an ló ń gbé? Àjò kì í dùn kí onílé má relé, wọ́n ní. Èmi ti ń relé lójoojúmọ́, n kò bá ẹnì kankan nílé.

Gbogbo ọ̀nà tí mo gbà ṣe é, ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ògiri náà ló ń gbé e mì. Mo pe ilé, mo ní kí wọ́n wá ọ̀dà funfun kí wọ́n fi kun yàrá náà yí ká kí wọ́n tó yí maṣíìnì padà. Màmá wá béèrè.

“Ṣé funfun náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pupa yẹn kò dáa fún ojú yín. Ó ní òun ti gbọ́.

Kò kùn ún. Mo béèrè ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní òjò ń rọ̀. Mo béèrè lẹ́yìn ìyẹn, ó ní akunlé ń ṣàìsàn. Ó tún ní Ẹ̀rìn-Ilé ni akunlé tó dáa wà, kò tíì ráàyè lọ. Inú ń bí mi. Lọ́jọ́ tí Fọlákẹ́ tún wá síbi fóònù, mo sọ fún un pé èmi ń tìtorí Màmá lo àkókò oúnjẹ ọ̀sán mi, ọ̀dà kan péré ni mo ní kí wọ́n rà, àfi kí wọ́n máa fi mí ṣeré. Òjò sì ti fẹ́ dá. Fọlákẹ́ fi mí sílẹ̀ kí n sọ tán.

“Bùrọ̀dá mi,” ó ní, “ẹ ní pupa. Pupa wo lẹ ń sọ?”

“Pupa ògiri. Pupa amọ̀.”

“Amọ̀ kẹ̀? Amọ̀ ti tán níbẹ̀. Màmá ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ yàrá yẹn, wọ́n wá kùn ún. Ó pupa bíi pupa ẹyin, ẹyin tí wọ́n sè. Kérésì tí ẹ ní ẹ ń bọ̀ ni wọ́n kùn ún dè. Wọ́n ní ẹ ò ní tún fara ti ògiri kí aṣọ yín pọ́n mọ́.”

Ó wá sọ èyí tó kù, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

“Wọn ò fẹ́ fi funfun bò ó. Wọ́n ní ẹ ò tíì rí i.”

Pupa ẹyin. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ̀ pé pupa ni ẹyin, pupa ni amọ̀, pupa ni epo, pupa náà sì ni ọmọ tí ara rẹ̀ mọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí a kì í béèrè, torí ẹni tó ń gbọ́ wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ń rí i. Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ti kúrò níbi tí mo ti lè wo ilé, síbẹ̀ mo ń sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí mo ń wọ̀ lójoojúmọ́ nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ti pa ìrísí rẹ̀ dà nítorí mi. Mo jókòó sórí àga mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, mo sunkún, obìnrin tó wà nídìí tábìlì kẹta sì gbé tíì wá fún mi láìbéèrè nǹkan kan.

Mo yí nọ́ńbà náà padà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni. Kọ̀ǹpútà ronú títí di ìrọ̀lẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Láti ìlà àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Yàrá náà mọ́ rekete. Ìmọ́lẹ̀ wọlé láti ojú fèrèsé, ó kan ògiri, ògiri sì dá a padà sórí maṣíìnì, ó tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù díẹ̀. Kò gba ọ̀dà kankan. Kí wọ́n ṣáà ti yí maṣíìnì ni.

Mo pe ilé lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní Mà, ẹ má kun ògiri yẹn mọ́ o, àwọ̀ rẹ̀ dára gan-an. Ẹ yí maṣíìnì kí fèrèsé wà lápá òsì yín, kò sí nǹkan mìíràn. Ó ní òun ti yí i láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ òjìji, òun sì ti ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìpe ẹnikẹ́ni. Fọlákẹ́ ti rí i, kò sọ̀rọ̀ Ìlọrin mọ́. Inú mi dùn, mo dúpẹ́, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Màmá ní kí n dúró.

“Ṣé o ti wá rí àwọ̀ náà báyìí?”

Mo ní mo ti rí i, kọ̀ǹpútà ti yà á fún mi, ó rẹwà.

“Mi ò bi kọ̀ǹpútà,” ó ní. “Ìwọ ni mò ń bi.”

Mo gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń gbá ilẹ̀ níta pálọ̀ Alhaji.

“Rárá, Mà,” mo ní. “Mi ò tíì rí i.”

“Ẹn-ẹ́n. Ó ṣì wà níbẹ̀.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Brian pé mo fẹ́ gba ìsinmi. Ó béèrè ibi tí mò ń lọ, mo ní ilé. Ó béèrè pé ṣé kò sí láburú kankan. Mo ní kò sí o, ògiri kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ lọ wo àwọ̀ rẹ̀.